Ìránṣẹ́ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Bàbá mi àtàtà,

Àná ni mo kọ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń yan ìwé kíkà fún àwọn iléèwé wa. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ gíga, tí ẹ fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi padà sílé ní Imeke. Omi ọ̀sà ti fà, ọkọ̀ kò lè dé èbúté. Ẹ bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ní kí n gun ẹ̀yìn yín kí bàtà mi má baà bàjẹ́. Mo gùn ún. Irun yín ti ń funfun nígbà náà.

Nígbà tí mo kọ ìwé mi lórí ọ̀làjú, mo fi ọjọ́ yẹn sí i, ṣùgbọ́n mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo sì pe ẹni tó gbé ọ̀mọ̀wé náà ní ìránṣẹ́. Bí àwa òǹkọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn: nínú ìwé wa, ọkọ̀ ni ọ̀làjú máa ń bá dé, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó wà á. Ẹ ní kí n kà á sí yín létí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí a fi dé ojú ewé yẹn. Ẹ bi mí pé, "Ìránṣẹ́ wo la ní nílé?" Mo ní ìtàn lásán ni. Ẹ padà sídìí àwọ̀n tí ẹ ń tún ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Ìgbìmọ̀ yìí ló fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ fún àwọn iléèwé. Mo pa ìránṣẹ́ rẹ́, mo kọ bàbá rẹ̀ sí i. Alága wọn ní bí àwọn òbí bá gbọ́ pé ọmọ tó kàwé gun bàbá ẹ̀ lẹ́yìn, wọn ò ní rán ọmọ níléèwé mọ́. Ó tún fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé àgbà bíi tèmi ṣì ń wá ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá."

Wọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ láyé mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú tí kò bá lè gbà yín sílé, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ ní èdè Ògù wa, Ègùn tí mo máa ń tijú láti sọ níléèwé. Ojú ewé yẹn ni mo fi ṣáájú. Orúkọ yín ló bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó sọ ọ́ jáde.