Ọta Orrin Tó Fẹ́ Sáré Ju Afẹ́fẹ́ Lọ

                                        Òpópónà Horse Creek,
                                        Dubois, Wyoming.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹwàá, 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi Verlene àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé dókítà ti gbà kí ẹ gun ẹṣin? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tí kì í tẹ̀ wá láago? Yìnyín ti bo orí òkè níbí, ṣùgbọ́n ara wa le, ẹran sì kún fìríìsà. Ọ̀rọ̀ ẹran yẹn gan-an ni mo fẹ́ rò. Ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé ọdọọdún ni Bàbá ń dá sí kèké tí ìjọba fi ń pín àṣẹ pípa àgbọ̀nrín òkè wa yìí, kèké ò sì mú wọn títí wọ́n fi kú. Lọ́dún yìí, ó mú Orrin ọkọ mi, àbúrò yín. Àṣẹ ẹran kan ṣoṣo ni, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ bá a yìnbọn, a ò sì mọ̀ bóyá kèké tún lè mú un láyé yìí.

Merle àbúrò rẹ̀ ní kó gbé ìbọn Bàbá. Orrin kọ̀. Ó ní ìkarahun ọta rẹ̀, ìyẹn agolo idẹ tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí, gùn tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ dà wálẹ̀, kò gba ẹ̀tù púpọ̀, ọta rẹ̀ ń rìn bí arúgbó. Ó ra tuntun, èyí tí ìkarahun rẹ̀ kúrú, tó sanra, tó gbé èjìká sókè bí ọ̀gá sójà. Ó ń di ọta fúnra rẹ̀ ní gáréèjì. Ó tún fa orí ọta síta kọjá ààlà, kí àyè ẹ̀tù lè pọ̀, kí ọta lè túbọ̀ sáré.

"Bọ̀ọ̀dá, ọta yìí ti gùn jù. Á há o," Merle kìlọ̀ fún un.

"Ìwọ tó ń fi ìbọn ayé Nóà ṣọdẹ, kí lo mọ̀ nípa eré?"

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Orrin?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá wọn gun òkè kí wọ́n má baà lu ara wọn. A rí akọ àgbọ̀nrín kan ní òdìkejì àfonífojì, ó jìnnà débi pé kùkùté ni mo pè é. Orrin ki ọta, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó ń ṣe ìṣirò. Kó tó ṣírò tán, ẹran ti wọgbó. A fẹ́ gba orí wáyà ọgbà kan kọjá, ọdẹ kì í sì í gun wáyà pẹ̀lú ọta nínú ìbọn. Orrin bá fa ọta jáde. Ìkarahun nìkan ló jáde! Orí ọta há sínú ìbọn, ẹ̀tù sì dà sí gbogbo inú ẹ̀rọ rẹ̀ bí iyọ̀.

"Merle, o ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan o."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń wo bó ṣe ń sáré ni."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni àgbọ̀nrín náà ti yọ sí wa, ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí èéfín ẹnu rẹ̀. Merle na ìbọn Bàbá tó gbé kọ́ èjìká sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń rojọ́!

"Ṣùgbọ́n ọta eléyìí ò yára..."

"Ṣé ẹran ọ̀hún ń sá ni? Yìn ín níbọn jàre!"

Ó yìn ín. Ẹran ṣubú lójú ẹsẹ̀. Orrin wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá ní, "Kèké ti mú Bàbá báyìí." Gbogbo wa sunkún. Merle ní afẹ́fẹ́ ló wọ òun lójú.

Àánú rẹ̀ ò ṣe mí pẹ́ o. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń sọ fún bí ẹran náà ṣe jìnnà tó. Kò kúkú parọ́: ibi tó ti kọ́kọ́ rí i ló ti ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ bá mi kí Gene ọkọ yín àti gbogbo ilé. A ti ya itan kan sọ́tọ̀ fún yín de Kérésìmesì. Orí ọta yẹn ṣì há sínú ìbọn tuntun di òní. Merle ní kí n kí yín, kí n sì sọ fún yín pé ọta tó yára jù lọ ní Wyoming ò tíì dé.

Èmi ni aya àbúrò yín tí kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú,
Lavonne.