Ìdúpẹ́ Tí Mo Ṣe fún Ìwòsàn Tí N Kò Tíì Rí

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Iye tí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn bẹ̀ mí pé kí n má kọ síta nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà nínú ọmú mi òsì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ fún mi bóyá iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣáájú tàbí oògùn... Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Iléṣà ni mò ń gbé, olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ní ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà ní àwọn dókítà mẹ́ta gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ìtọ́jú mi, pé kí n máa lọ sílé, wọn yóò pè mí. Ìlànà tó dára ni, n kò bá a jà. Ohun tí mò ń bá jà ni pé wọn kò jókòó. Ọ̀kan rin ìrìn àjò, òmíràn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì mi... Ṣé àìsàn náà ń dúró dè wọ́n ni? Ṣé òun náà daṣẹ́ sílẹ̀?

Màmá mi nìkan ló mọ̀ pé mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí mo padà dé láìsí oògùn lọ́wọ́, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí ilé ìwòsàn bá ní kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ ni. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Ọlọ́run ti ṣe é, ọmọ mi. Má dárúkọ nǹkan yẹn nínú ilé yìí mọ́.” Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ti ròyìn fún pé Ọlọ́run wò mí sàn, wọ funfun, wọ́n sì sìn wá jó lọ síwájú pẹpẹ. Èmi náà jó. Mo kúnlẹ̀, àlùfáà gbàdúrà, gbogbo ìjọ ṣe àmín, kókó náà sì wà lábẹ́ aṣọ mi...

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ara mi ti rí mọ́. Aládùúgbò wa ń pè mí ní Ẹni Ìyanu. Láìpẹ́ yìí ó ní mò ń rù, àbí mò ń dín ara kù de ọkọ tuntun ni? A jọ rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń lọ béèrè ọjọ́ ní Òṣogbo, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni mo máa ń sọ pé mo lọ ṣe; èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, láàárín àwọn tí ẹbí wọn gbé oúnjẹ wá fún... Màmá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé kí n sọ fún wọn, kí n sì dójú tì wọ́n níwájú ìjọ? Ṣé kí n dákẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gé ọmú náà? Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin dókítà mẹ́ta, ẹ jókòó. Ẹ dá ọjọ́ fún mi. Bí ẹ kò bá lè dá a, ẹ pe màmá mi, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò tíì sàn.