Àyè Kan fún Ìbejì

Àtìní, 17 Jánúárì 1955

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pé lónìí. Gbogbo Ìkòsì ti jí kí àkùkọ tó kọ. Sìlífátù ìyàwó mi wẹ àwọn ìbejì wa, Táyé ọkùnrin àti Kẹ́hìndé obìnrin, ó fi àdí pa wọ́n lára títí wọ́n fi ń dán. Kakí ilé-ìwé méjì, síléètì méjì. Ohun gbogbo ní méjì-méjì, bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

Hẹ́dímásítà, Ọ̀gbẹ́ni Olúrántí — Baba Ẹfun ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí, torí ẹfun kì í wọ́n lára ṣòkòtò rẹ̀ — ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí. Ọwọ́ Táyé kàn án. Ọwọ́ Kẹ́hìndé kàn án. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó pe Táyé. Ó yí ewé, ó tún yí i padà. Kò rí Kẹ́hìndé níbẹ̀.

Ó ní ọmọ márùnlélógójì ni kíláàsì gbà, ó sì ti pé. Kí n mú ọmọbìnrin náà wá ní Jánúárì ọdún tó ń bọ̀.

Kẹ́hìndé ò sunkún. Ó kàn gbá síléètì rẹ̀ mọ́ àyà títí a fi délé. Mo mọ ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí níbẹ̀. N ò lè kọ ọ́ lónìí.

Àtàláátà, 18 Jánúárì

Mo sọ fún Sìlífátù pé tíṣà tó wá kọ orúkọ ló gbàgbé. Ó wò mí, ó padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Àlàrùba, 19 Jánúárì

Ó yá, kí n kọ ọ́.

Nígbà òjò èṣí, Àmúsà ọ̀rẹ́ mi — Asọ̀rọ̀mágbèsì! — wá jókòó sórí pákó níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà mi. Ó ní irọ́ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. "Múdàṣírù, orí ni wọ́n ń kà o! Gbogbo orí tó o bá kọ síbẹ̀, wàá san owó-orí rẹ̀. Ìjọba wo ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?" Mo gbà á gbọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Nígbà tí tíṣà dé àgbàlá wa, mo ti ní kí Kẹ́hìndé lọ dúró sẹ́yìn ilé. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo ló tó ilé-ìwé lọ́wọ́ mi. Tíṣà ní, "Ṣebí Bàbá Ìbejì ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pè yín?" Mo ní èkejì wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Èrò mi ni pé bó bá jẹ́ òótọ́, ọkùnrin á ti wọlé. Bó bá sì jẹ́ owó-orí, ti ẹnì kan ni n ó san. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Àwọn bàbá yòókù ń tẹ ìka. Èmi gba gègé, mo sáìnì, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ — kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé dé Sítáńdáàdì Kejì.

Ògiri amọ̀ ni ògiri ilé wa. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ń tì mí.

Jímọ̀, 21 Jánúárì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo lọ bá Baba Ẹfun. Mo tún irọ́ yẹn pa fún un: tíṣà ló gbàgbé. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ìwé tí tíṣà náà kọ jáde, ó fi ìka sí i. Ọmọ kan: Táyé. Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà tí mo fà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára ju tèmi lọ." Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Òun náà ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní òun ò láṣẹ láti fi ọmọ kún ọmọ, àfi ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìkejà. Kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí wọn, kí n sì sọ òótọ́. Ó tún sọ ohun kan bí mo ṣe ń jáde: àwọn ọmọ kan wà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, tí wọn ò yọjú láti Àtìní. Àyè wọn ṣófo, àwọn mìíràn sì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Sọ́ńdè, 23 Jánúárì

Mo jẹ́wọ́ fún Sìlífátù. Mo rò pé á pariwo. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ yẹn. Kẹ́hìndé ló sọ fún òun. Látìgbà òjò! Tó ń gbé oúnjẹ fún mi, tó ń kí mi káàbọ̀.

Ó wá ní: "Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, ọyàn kan náà ni wọ́n mu. Ohun tá a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Tí wọn ò bá gba ọ̀kan, a jẹ́ pé wọn ò gba èkejì náà nìyẹn." Mo ní ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Àlàmísì, 27 Jánúárì

Lẹ́tà ti parí. Ewé mẹ́ta ni mo bà jẹ́.

Mo sọ òótọ́ níbẹ̀: èmi ni mo fi ọmọ mi pamọ́, nítorí ẹ̀rù owó-orí. Ó nira láti kọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ nìkan ò lè sọ àyè kan di méjì, ìyẹn ni mo fi rántí ọ̀rọ̀ Baba Ẹfun. Mo bá fi àbá kan kún un: ọmọ tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ tí kò sì wá fún ọjọ́ mẹ́wàá léraléra, kí a yọ orúkọ rẹ̀ láìṣojúsàájú, kí a fi ọmọ tó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ dípò rẹ̀.

Mo kà á fún Àmúsà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bíi lọ́yà ni mo ṣe kọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn. "Láìṣojúsàájú" yẹn ló wù mí jù.

Jímọ̀, 28 Jánúárì

Mo yá kẹ̀kẹ́ Àmúsà, ó di Ìkejà. Òógùn bò mí. Akọ̀wé tó gba lẹ́tà náà kà á lórí ìdúró, ó pe ẹnì kejì rẹ̀: "Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá yìí kọ." Àwọn méjèèjì ń mi orí. Wọ́n ní èsì á gba ọwọ́ hẹ́dímásítà wá.

Nígbà tí mo délé, Táyé ń kọ́ Kẹ́hìndé ní A, B, D lórí síléètì. Kẹ́hìndé ń sọ fún un pé B tirẹ̀ sanra jù, ó jọ aboyún. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Àtìní, 31 Jánúárì

Iṣẹ́ dé. Bẹ́ǹṣì ilé-ìwé tuntun ní Ìṣẹ́rì, ogójì. N ó máa sùn sọ́hùn-ún, n ó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ìbejì ṣì ń sùn nígbà tí mo jáde. Sìlífátù ní, "Ẹ ó rìnnà ire."

Àlàrùba, 2 Fẹ́búárì. Ìṣẹ́rì

Bẹ́ǹṣì mẹ́sàn-án ti délẹ̀. Ọmọ mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń fi ìfági fá pákó ni mo ń ro àyè: mẹ́rìndínlógójì, àwọn ọmọ tí n ò mọ̀ rí. Mo fá eteetí wọn dáadáa kí ẹ̀gún má gún wọn nítan.

Sátidé, 5 Fẹ́búárì

Mo wà nílé. Kakí Táyé wà lórí okùn, ó mọ́ bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Mo yin Sìlífátù. Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Mo bi Táyé léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní A, B, D. Mo ní títí di ìsinsìnyí? Ó rín ẹ̀rín. Ó yẹ kí n bi í síwájú sí i. Ó ti rẹ̀ mí, mo ti nà gbalaja sórí ẹní.

Àlàmísì, 10 Fẹ́búárì. Ìṣẹ́rì

Àmúsà wọ bọ́lẹ̀kájà kọjá, ó kígbe láti inú ọkọ̀: "Ìkejà ti gba àbá rẹ o! Wọ́n ti kà á fún gbogbo hẹ́dímásítà!" Mo sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ṣe fáàrí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sátidé, 12 Fẹ́búárì

N ò lè lọ sílé. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ kí bẹ́ǹṣì parí ní Jímọ̀.

Jímọ̀, 18 Fẹ́búárì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú, mo yà sí ilé-ìwé tààrà. Baba Ẹfun fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ti rí àyè fún Kẹ́hìndé Múdàṣírù, kí ó wọlé ní Àtìní. Mo dì mọ́ ọn. Ẹfun bá mi láṣọ, n ò bìkítà. Ṣùgbọ́n kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kà á tán."

Ní ipò Táyé Múdàṣírù, tí kò wá sí ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́wàá léraléra.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí rẹ́jísítà hàn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ sí Ìṣẹ́rì, òdo ló tẹ̀lé ara wọn níwájú orúkọ ọmọ mi. Ó ní òun ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀mejì, ìyá wọn ní bí wọn ò bá gba méjèèjì, kí méjèèjì jọ wà nílé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ó yára fà mí dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n fi ṣòfin. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti yọ. Bí mo bá fojú fo ti yín, kí ni n ó sọ fún àwọn bàbá yòókù?" Láìṣojúsàájú. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àyè kan ló wà, kò sì níí béèrè èwo nínú àwọn méjèèjì. Èyí tí mo bá mú wá ní Àtìní lòun ó kọ orúkọ rẹ̀, òun ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Ìkejà. Ẹnì kejì di Jánúárì. Bí aago mẹ́jọ bá lù tí òun ò sì rí ẹnì kankan, ọmọ ẹlòmíràn á wọlé.

Sátidé, 19 Fẹ́búárì

Mo fẹ́ bínú sí Sìlífátù. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ojú ọ̀nà.

Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní òun rò pé bí wọ́n bá rí i pé ìbejì ò ṣeé yà, wọ́n á gba Kẹ́hìndé mọ́ ọn. Ó ní, "N ò mọ̀ pé òfin kan wà. Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ kọ bẹ́ẹ̀." Ó wá bú sẹ́kún.

Òótọ́ ni. Mo ka lẹ́tà yẹn fún Àmúsà lẹ́ẹ̀mẹta, n ò kà á fún ìyá àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ìbínú tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì.

Sọ́ńdè, 20 Fẹ́búárì

Àmúsà wá, ó gbọ́, ó sì jókòó títí láìrí nǹkan sọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì!

Bí mo bá mú Kẹ́hìndé, Táyé ò ṣẹ̀ mí. Iyàn àwa àgbà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá mú Táyé, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí bàbá Kẹ́hìndé á kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí n ò bá mú ẹnikẹ́ni, àwọn méjèèjì á dọ́gba — nínú àìmọ̀wé. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n ń fi erùpẹ̀ ṣeré níta, wọn ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Sìlífátù fi àyọnù eléèédú lọ kakí méjèèjì, ó ká wọn sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí ìjà lóhùn rẹ̀ mọ́. Ó rọra bi mí:

"Bàbá Ìbejì, èwo nínú wọn ni kí n jí lọ́la?"