Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Ti Pè Mí

Olówó orí mi,

Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba pè mí láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, n ò fẹ́ jí yín.

Nígbà tí ẹ ní ọmọdé ni wọ́n ń gbà síbi ìkọ́ṣẹ́ wọn, mo pa á mọ́ra, mo lọ fi fọ́ọ̀mù mi sílẹ̀. Ẹ má bínú.

Mo bi obìnrin tó pè bóyá ó rí ọjọ́ orí mi. Ó ní, "A rí i, mà. Ohun tí ẹ kọ nípa omi kànga la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín lónìí."

Ẹ bá mi mú àwọn ọmọ nílé ìwé láago méjì.

Bí wọ́n bá gbà mí, ẹ ó máa fọ abọ́ o. Bí wọn ò bá gbà mí, ẹ má sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ẹ."