Kíláàsì Corinne Ti Kún

Corinne ọmọ mi,

Ṣé ọrùn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ yìnyín á ṣọ́ ìwọ náà ní Ọ́máhà níbẹ̀. Àwa ń bẹ. Màlúù pupa ti bí, Irma Tietz sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àwo kéèkì tó gbé dání kò fọ́, ó ní ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

O sunkún sí mi létí lórí fóònù lánàá. O ní èèyàn díẹ̀ ló wà nínú kíláàsì rẹ tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe kún lójijì, o ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Mi ò sọ fún ọ lánàá, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n.

Ìwọ náà lo ṣàlàyé fún mi nígbà Àjíǹde pé àwọn olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín tí wọ́n gbà wọlé pátápátá, ìgbìmọ̀ á wò wọ́n fún ọdún mẹ́rin, bí wọ́n bá ti yege, kò sẹ́ni tó lè ṣàdédé lé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ, sáà kan sí sáà kan ni wọ́n fi ń pè ọ́, bí a ṣe ń pe àwọn ọmọ tó ń bá wa já orí àgbàdo. Mo ní ṣé ọdún mọ́kànlá tí o ti lò níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ ni. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Màmá, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa." O ní kíláàsì kan ṣoṣo ló kù sí ọ lọ́wọ́, bí èèyàn ò bá sì pé, wọ́n á pa á rẹ́.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Delmar Voss ní ṣé a ti gbàgbé ìgbà tí báńkì fẹ́ ta oko bàbá bàbá rẹ ní gbàǹjo ni, tí àwọn aládùúgbò dúró yí ká, tí wọ́n ná an ní sẹ́ǹtì sẹ́ǹtì, tí àlejò kankan ò gbọdọ̀ fi kún un, tí wọ́n sì dá oko padà fún un. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí gbogbo wa ṣe forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ lórí fóònù nìyẹn, torí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ arúgbó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Fóònù ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo jẹ́rìí, mo sì pe Pásítọ̀ kó wá bá mi fọwọ́ sí i. Níbi tí wọ́n ti bi Delmar léèrè ohun tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Corinne má bàa wá iṣẹ́ tì.

A fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni, kí o wọlé kí o bá wa níjòókòó.

O wá ní lánàá pé Ọ̀gbẹ́ni Pruett, tó wà lára àwọn olùkọ́ tó ti wọlé pátápátá, kò rí èèyàn fún kíláàsì tiẹ̀, wọ́n sì ní kó wá mú èyí tó kún lọ́wọ́ rẹ, òfin ni. O ní kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tiẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú. O ní èèyàn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó tí wọn ò fi ní pa á rẹ́, ká ní ó wà bẹ́ẹ̀, kò ní wu ẹnikẹ́ni, wọn ì bá sì fi í sílẹ̀ fún ọ. Corinne, ṣé àwa la ṣe é? Bí a bá yọ orúkọ wa kúrò, ṣé wọ́n á dá a padà?

Mo ti fẹ́ ní kí o fi owó gáàsì tí a fi ń mú ilé gbóná ránṣẹ́ kí òtútù tó dé. Má fi ránṣẹ́ mọ́. Igi wà nínú igbó, mo sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Ọjọ́ Ajé ni kíláàsì. Wọ́n ti fọ bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì lè sọ fún wọn pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ. Delmar pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ rẹ ibi tó yẹ kí òun jókòó sí kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ.

Ọlọ́run á fún ọ ní ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ní kí o dìde níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Arvilla