Gígé, Pínnì àbí Rọ́bà

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Kì í ṣe dókítà ló yan iṣẹ́ abẹ yẹn o, èmi ni. Èmi tí mi ò kàwé kọjá fọ́ọ̀mù tú! Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pe nǹkan tó yọ sí mi nídìí. Èmi ń pè é ní Àlejò — kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, kò sì sọ pé òun fẹ́ máa lọ.

Dókítà Onígíláàsì to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀. Kí wọ́n gé e dànù: ìrora gidi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé, àmọ́ ó ṣòro kó padà. Tàbí ẹ̀rọ kan tó ń gé, tó sì ń fi pínnì kàn án mọ́ òkè: ìrora ẹ̀ ò tó ti gígé, àmọ́ ó lè padà wá. Tàbí rọ́bà: wọ́n á fi rọ́bà kékeré fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ mọ́, á gbẹ, á já bọ́. Ọjọ́ kan náà lo máa lọ sílé.

Èmi télọ̀. Gígé, kíkàn, rọ́bà — ta ló fẹ́ kọ́ mi? Mo ní rọ́bà. Ó bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, mo dáhùn wàràwàrà, nọ́ọ̀sì arẹwà kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Onígíláàsì ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, rọ́bà á tó." Ó kúkú gbà fún mi.

Túsìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ti dé sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí mo ti ń dúró dè látọjọ́ yìí! Ọ̀gá ní, "Ìwọ àbí Ẹlẹ́nu, ẹni tó bá lè jókòó ló máa rán an." Ẹlẹ́nu tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí kò mọ kọ́là yàtọ̀ sí àpò! Mo ní ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ keje

Wọ́n ti fi rọ́bà dì í. Mi ò pariwo. Mo pariwo díẹ̀.

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹjọ

Màmá ní, "Ọkọ mi, ò bá jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò pátápátá." Mo ní Màmá, ayé ti lajú. Wọ́n ní, "Ó ti wá lajú dé ìdí ẹ?"

Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá

Mo jókòó! Kóòtù àkọ́kọ́, apá méjèèjì ti wọlé. Ẹlẹ́nu ń wò mí bí ẹni tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu ẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àlejò ti padà dé. Tòun tẹrù.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún

Onígíláàsì wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò, sọ òótọ́. Tó bá yọ síta, ṣé ó ń wọlé fúnra ẹ̀, àbí ò ń fọwọ́ tì í?"

Ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní fúnra ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì yẹn dúró síbẹ̀, kí ni kí n sọ? Irọ́ ni. Ọwọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti di ọwọ́.

Lónìí mo sọ ọ́. Ó ní tèmi ti tóbi ju ohun tí rọ́bà lè ká, gígé ló kù. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ gbójú sókè: "'Fúnra ẹ̀ ni.' Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn máa ń wí."

Ẹlẹ́nu ti wà lórí àga mi. Kọ́là ló ń rán.

Oníbàárà tó bá fa ikùn sínú nígbà tí mo ń wọn ìbàdí ẹ̀, mo máa ń bú u. Ohun témi náà ṣe fún dókítà nìyẹn. Rọ́bà ò lẹ́bi. Ìwọ̀n ìdí ẹlòmíràn ni mo fún wọn.