Kátíkátì Séverin àti Ẹsẹ̀ Fòfó Élie

                                                            Ilé Maxime, ẹ̀yìn ọjà,
                                                            Pobè.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Òkúdu, 2025.

Séverin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú àjò, o kú ìfaradà ilẹ̀ onílẹ̀. Báwo ni Flore, ìyàwó rẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn yín ti ń sọ Faransé bíi kọmísáárì. Ṣé ó lè bèèrè omi mu lédè wa ṣá? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o ti jáwọ́ nínú gbígbé ohun tó wúwo? Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú rẹ ní Libreville. Ní tiwa níbí, gbogbo wa wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rù pa mí.

Mo mọ̀ pé ohun méjì lo fẹ́ gbọ́, ojú Màmá rẹ àti kátíkátì rẹ, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ sọ ti Màmá, o ò ní ka ìyókù, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà jẹ díẹ̀ nínú ìyà tí a jẹ.

O rántí ohun tí o sọ nígbà tí o pè wá lóṣù Ẹrẹ́nà. O ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn Pobè lóṣù Òkúdu, ọ̀sẹ̀ kan péré, bí wọ́n bá sì ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Awọ funfun ti bo ojú Màmá méjèèjì, àkùkọ ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Towé ló sì wà. Ìwọ náà mọ ẹrẹ̀ dúdú Towé nígbà òjò: bí ọ̀kadà sẹ́míjàn bá wọ ibẹ̀, bàtà ẹni tó gùn ún nìkan ló ń jáde. O wá ní kí a wá mótéè mìíràn sínú kátíkátì rẹ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú sẹ́yìnkùlé mi, kí a fi lọ gbé Màmá. Mótéè lo wí. O ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibẹ̀ lo ti kó bá wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, Fòfó Élie, ló gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. O mọ̀ ọ́n, aṣọ́gbó tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì bọ́ bàtà ńlá tí ìjọba fún un, tó ń wọ̀ ọ́ jókòó ti ọbẹ̀. Ó rí ọkọ̀ agbégi kan tó dojú dé ní Takon, ó ra mótéè rẹ̀. Mo ní, Fòfó, kátíkátì yìí kì í gbé gẹdú o. Ó ní ẹrẹ̀ Towé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, agbára nìkan ló ń gbọ́.

Tàhírù, mẹ́káníìkì wa ní Sakété, ló bá wa gbé e wọlé. Kò wọlé. Wọ́n gé iwájú ọkọ̀ rẹ kúrò, ìdajì mótéè náà sì yọ síta bí ikùn aboyún. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣíná sí i, àwọn adìẹ aládùúgbò fò sórí òrùlé, wọn ò sọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Fòfó tẹná mọ́ ọn. Kàdáàn, ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Ọkọ̀ náà ò kúrò lójú kan.

Tàhírù fi kàdáàn ọkọ̀ agbégi rọ́pò rẹ̀. Kàdáàn dúró, búwátì tí a fi ń pààrọ̀ eré fọ́. A pààrọ̀ búwátì. Búwátì dúró, àwọn eyín irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wó dànù bí eyín arúgbó. A ṣe ti ẹ̀yìn, ti iwájú kán. Séverin, àìlera ò kúrò nínú ọkọ̀ yẹn rárá, ńṣe ló ń kó láti yàrá dé yàrá bí ayálégbé tí kò fẹ́ lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá le tán, àgbékà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, irin tí gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé, tẹ̀ láàárín. Tàhírù bá jó irin rélùwéè àtijọ́ méjì mọ́ ọn nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe òpó ọgbà látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nínú gbogbo ohun tí o fi sílẹ̀ fún mi, ilẹ̀kùn awakọ̀ àti fèrè ló kù. Fèrè ọ̀hún ò sì dún.

Síbẹ̀, ó ń kán. Òjò dé, àwọn dókítà dé, mi ò lè jẹun mọ́. Ohun tó wá ń yà wá lẹ́nu ni pé bí Fòfó bá wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ohun tó ń kán. Bó bá di ọjọ́ Ajé, a óò tún gbọ́ gbàù! Àwọn ará ìjọ ní iṣẹ́ ìyanu ni, wọ́n ní sùtánà ló ń ṣọ́ ọkọ̀. Mùsùlùmí ni Tàhírù, kò bá wọn jó ijó yẹn. Ó ní, “Fòfó, kì í ṣe aṣọ o. Ẹ kì í wọ bàtà sí sùtánà ni. Bàtà yín yẹn, bí ẹ bá ti gbé e lé iná, mótéè á rò pé ogun dé. Ẹ dákun, ẹ bọ́ ọ.”

Fòfó yarí kanlẹ̀. Ó ní iwájú Ọlọ́run nìkan lòun ń fi ẹsẹ̀ lásán dúró, òun ò ní tìtorí ọkọ̀ di ẹni tí kò ní bàtà. Mo ní kí n kúkú wà á, ó bi mí pé ta ló ra mótéè. Ìyàwó mi Déborah kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní ó dáa, òun á bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n àfi bí òun bá wọ sùtánà.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìkẹyìn àwọn dókítà, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ funfun gbalaja, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ iná jẹ́jẹ́, a sì gba orí ẹrẹ̀ Towé kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Àwọn àgbà kúkú ti wí i, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A gbé Màmá. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn, ó ní ọkọ̀ ọmọ òun mà dára o, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú burúkú rí i.

Nígbà tí a ń bọ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà wò ó: ọkọ̀ tó ń bú ramúramù, tó gbé irin rélùwéè sábẹ́, tí aláṣọ funfun kan jókòó nídìí rẹ̀. Ní abúlé àkọ́kọ́, àwọn èèyàn kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n gbé omi wá, ẹnìkan fa ewúrẹ́ tí kò jẹun mọ́ wá. Fòfó ní ẹni tó wọ sùtánà kì í kọ àdúrà fún èèyàn. O sì mọ bí àdúrà rẹ̀ ṣe máa ń gùn. Abúlé kejì, bákan náà. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí aago méjìlá bá lù, wọn ò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́. Mò ń wo oòrùn, mò ń wo Màmá tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń sọ pé kò burú, bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, á bọ́ sí i lọ́dún mìíràn. Séverin, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Tàhírù, tó bá wa wọkọ̀ nítorí bí nǹkan bá tún kán, ló gbà wá. Òun náà ní Jímọ̀ tó fẹ́ bá. Ní abúlé kẹta, kí Fòfó tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ti bẹ́ jáde tòun taṣọ ẹlẹ́po, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ka Fàtíhà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tí wọ́n kó wá, ó ní àmín, ó padà wọlé. Fòfó ní àdúrà yẹn ti kúrú jù. Tàhírù ní Ọlọ́run kì í ṣe adití. Nígbà tí a máa fi dé, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì rí sùtánà, ó bèèrè pé ta ló kú. Màmá ni wọ́n gbà kẹ́yìn.

Ó yọrí sí rere, ọ̀rẹ́ mi. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe, wọ́n ní ti òsì di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u lọ́jọ́ kejì, Màmá wò mí, ó ní mo mà ti hu ewú o. Ẹkún ni mo sun, mi ò ní purọ́ fún ọ. A wá mú un jáde. Ó dúró níwájú kátíkátì rẹ, ó wo mótéè tó yọ síta, ó wo irin rélùwéè, ó wo Fòfó tí kò tíì bọ́ sùtánà láti àná. Ó wá bi wá pé:

“Inú èyí lẹ gbé mi sí?”

A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

“Ọpẹ́lọpẹ́ pé n ò ríran.”

Ó bá fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé mi, Déborah dì í lọ́wọ́ mú, Fòfó ń wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ìgbín.

Bá mi kí Flore, kí o sì gbé àbíkẹ́yìn yín jó fún mi. Tàhírù ní o kú owó ọkọ̀. Fòfó Élie ní bí o bá ń bọ̀, òun lòun máa wá pàdé rẹ ní Cotonou, ó ti ní kí wọ́n fọ sùtánà. Lánàá ló wá pe Màmá pé kó wá wo irin tuntun tí òun fẹ́ fi kún ọkọ̀ de ojú òsì. Màmá ò dìde. Fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri wa, èyí tí o yà lọ́jọ́ tí o ń lọ, ló jókòó tì láti àárọ̀. Ó ní, “Ojú tí mo gbà yìí, kì í ṣe ọkọ̀ ni mo gbà á fún. Ẹ ní kí Séverin wá, kí n rí i.”

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Maxime.